Àyẹ̀wò iṣẹ́ EPO, ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì ilẹ̀ Yúróòpù, fún ẹni tó gbé símúléṣọ̀n wá

Símúléṣọ̀n ni kéèyàn fi ìṣirò inú kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé gidi: bí ooru ṣe ń rìn nínú bátìrì, bí omi ṣe ń sáré nínú páìpù, bí afárá ṣe ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá gùn ún. Ẹni tó bá rí ọ̀nà tuntun láti ṣe é máa ń fẹ́ gba pátẹ́ǹtì lé e lórí, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníṣẹ́ àwárí pé kí ẹlòmíràn má lò ó láìgbàṣẹ, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí òfin pátẹ́ǹtì tó fẹ́ fi ìṣirò lásán ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Iṣẹ́ tí EPO ń ṣe fún irú olùbéèrè bẹ́ẹ̀ la yẹ̀ wò níbí. Olú ilé-iṣẹ́ wọn wà ní Munich ní Jámánì, ẹ̀ka ńlá kan wà ní The Hague, orílẹ̀-èdè 39 ló sì wà nínú àjọ náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdájọ́ wa ṣáájú. Nínú àwọn ọ́fíìsì ńlá, òun la rí pé ó ní òṣùwọ̀n tó ṣe é gbé iṣẹ́ lé fún símúléṣọ̀n. Èèyàn lè ka òṣùwọ̀n náà lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò já sí kó tó náwó. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń pinnu ohun gbogbo. Abala 123(2) nínú EPC, àdéhùn pátẹ́ǹtì ilẹ̀ Yúróòpù, kò gba kéèyàn fi ohunkóhun tí kò sí nínú ìwé lọ́jọ́ tó fi í sílẹ̀ kún un lẹ́yìn náà. Gbólóhùn kan tí ẹ bá gbàgbé lónìí, kò sí iye owó tí ẹ lè san lọ́dún mẹ́ta sí i kó tó wọlé.

Ilẹ̀kùn méjì

Abala 52(2) ka ọ̀nà ìṣirò, iṣẹ́ ọpọlọ àti ètò kọ̀ǹpútà mọ́ ohun tí kì í ṣe àwárí. Ẹni tó bá kàwé dé ibẹ̀ a rò pé ilẹ̀kùn ti tì. Ṣùgbọ́n abala 52(3) sọ pé ìgbà tí wọ́n bá dá dúró lásán nìkan ni òfin náà mú wọn. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú kléèmù pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ ti gba ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ kọjá. Kléèmù, fún ẹni tí kò tíì bá a pàdé rí, ni àwọn gbólóhùn olónọ́ḿbà tó ń pààlà ohun tí pátẹ́ǹtì bò, bí pèrègún ṣe ń pààlà oko. Ohun tó bá bọ́ sí òde rẹ̀, ti gbogbo ayé ni.

Ilẹ̀kùn kejì ló ń mú èèyàn. Abala 56 ń béèrè ọgbọ́n tí kò hàn gbangba sí oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà. Láti ìgbà ìdájọ́ T 641/00 ti ọdún 2002, tí wọ́n ń pè ní COMVIK, apá kléèmù tó bá kópa nínú yíyanjú ìṣòro ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń gbé sórí òṣùwọ̀n. Ìṣirò yín lè jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Bí kò bá ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kankan, olùyẹ̀wò, òṣìṣẹ́ EPO tó ń yẹ ìwé yín wò, á yọ ọ́ kúrò, ohun tó sì máa ṣẹ́kù ni kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn ti mọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣirò ló ń ka lẹ́tà tó ń tẹ̀lé ìyẹn sí ìwọ̀sí, wọ́n á wá fi ojú ìwé mẹ́wàá ṣàlàyé bí ìdọ́gba wọn ṣe jinlẹ̀ tó. Irú èsì bẹ́ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́, nítorí olùyẹ̀wò kò bá wọn jiyàn lórí ìjìnlẹ̀. Ohun tó ń bi wọ́n ni pé: iṣẹ́ wo ni nọ́ḿbà tó jáde wá ń ṣe?

Ìdájọ́ tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè yìí jù lọ ni G 1/19, tí Ìgbìmọ̀ Àgbà Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti EPO gbé jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021. Inú ẹjọ́ T 489/14 ló ti wá, lórí símúléṣọ̀n bí èèyàn ṣe ń rìn kiri nínú ilé, irú èyí tí ayàwòrán ilé lè lò láti mọ̀ bóyá ọ̀nà inú ilé tó fẹ́ kọ́ yóò gba èrò. Ṣáájú ìgbà yẹn, T 1227/05 ti ọdún 2006 ni àwọn agbẹjọ́rò pátẹ́ǹtì ń gbójú lé. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Infineon ti jàre lórí símúléṣọ̀n sáàkíìtì tó ní ariwo 1/f (irú ìdàrúdàpọ̀ iná kan nínú sáàkíìtì), nítorí ìgbìmọ̀ ìgbà náà gbà pé símúléṣọ̀n ẹ̀yà ohun èlò ìmọ̀ ẹ̀rọ kan tí a ṣàpèjúwe dáadáa ti tó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Ìgbìmọ̀ Àgbà fún ìbéèrè mẹ́ta ní ìdáhùn. Èkíní, símúléṣọ̀n tó dá dúró lè yanjú ìṣòro ìmọ̀ ẹ̀rọ, bí àbájáde rẹ̀ bá kọjá pé kọ̀ǹpútà kan ṣe ìṣirò. Èkejì, pé símúléṣọ̀n dúró lórí òfin físíìsì kò tó láti sọ ọ́ di ti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kò yí padà bí wọ́n bá ní apá kan nínú iṣẹ́ yíyàwòrán ohun èlò ni símúléṣọ̀n náà, kódà bó jẹ́ láti fi yẹ àwòrán náà wò. Ìdáhùn kejì àti ẹ̀kẹta ló ba ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè jẹ́. Kí ọdún 2021 tó parí ni T 489/14 fúnra rẹ̀ ṣubú, lórí ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ ní 2003. Ọdún 18 ti lọ lórí ẹ̀tọ́ tí kì í ju ọdún 20 lọ. Àpẹẹrẹ tó le jù ni, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ ọ̀nà kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbọ́dọ̀ fi í sọ́kàn.

Kí ló wá ń kọjá? Ìwé Ìtọ́sọ́nà wọn, apá G-II, 3.3.2, ṣàlàyé rẹ̀ láìfi bò. Ọ̀nà tó le jù láti wó ni kí nǹkan wọlé láti ayé gidi, bíi sẹ́ńsọ̀, tàbí kí nǹkan jáde sí ayé gidi, bíi àṣẹ tó ń darí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tí a lè pè ní ìwọ̀n àìfojúrí: ẹ wọn ohun kan tí ọwọ́ tó, ẹ fi ìṣirò mọ ìwọ̀n òmíràn tí ọwọ́ kò tó, lára ohun gidi kan náà. Ọ̀nà kẹta ni kí ìṣirò náà bá bí inú kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ mu, fún àpẹẹrẹ pé a pín in lọ́nà tí mẹ́mórì ẹ̀rọ kan pàtó yóò fi gbé e. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìṣirò tó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí pé ìgbésẹ̀ rẹ̀ kéré kò sí lára èyí.

Ọ̀nà kẹrin ló ń tan èèyàn jẹ. Nọ́ḿbà tó jáde ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, àmọ́ wọ́n ní a ó lò ó fún iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ bó bá yá. EPO lè gbà á bí ìlò náà bá hàn nínú kléèmù fúnra rẹ̀, tàbí bí nọ́ḿbà náà bá jẹ́ èyí tí kò wúlò fún nǹkan mìíràn. Bí ẹlòmíràn bá lè fi nọ́ḿbà kan náà ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, tàbí kó fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, a jẹ́ pé àbájáde ìmọ̀ ẹ̀rọ kò bo gbogbo ilẹ̀ tí kléèmù yín gbà. Gbólóhùn "a lè lò ó fún ṣíṣe ẹ̀rọ" tó wà nínú àpèjúwe kò gba kléèmù là.

Bátìrì kan, kléèmù méjì

Ká mú bátìrì lithium-ion. Àárín rẹ̀ máa ń gbóná ju ojú rẹ̀ lọ nígbà tí iná bá ń wọ̀ ọ́ kíákíá, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí bí a ṣe máa ki sẹ́ńsọ̀ bọ àárín gbogbo bátìrì tó wà nínú ọkọ̀. Ẹnìkan kọ símúléṣọ̀n tó lè mọ ooru àárín. Kléèmù tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà ń kọ́kọ́ kọ rí báyìí:

"Ọ̀nà tí a fi ń fi kọ̀ǹpútà ṣe símúléṣọ̀n ètò kan, nínú èyí tí a fi àwòṣe tó péye ṣe ìṣirò ooru ètò náà ní kíákíá, tí a sì fi àbájáde tó dára jù lọ hàn."

Gbogbo nǹkan tó lè bàjẹ́ ló wà nínú gbólóhùn kan yìí. "Ètò kan" lè jẹ́ bátìrì, ó lè jẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. "Tó péye" kò sọ ohun tí a fi wọn ìpéye. "Ní kíákíá" kò ní ohun tí a fi í wé. "Àwòṣe" kò ní ìdọ́gba kankan nínú. "Àbájáde tó dára jù lọ" ń tọ́ka sí ohun tí olùbéèrè ń fẹ́, kò sọ ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀. Kò sì sí ibì kankan tí ayé gidi ti wọlé tàbí tí nọ́ḿbà ti jáde lọ ṣiṣẹ́. Nítorí náà, lẹ́tà olùyẹ̀wò á mú abala 84, tó ní kí kléèmù já gaara, á tún mú abala 56 pọ̀ mọ́ ọn.

Èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyí:

"Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń darí bí iná ṣe ń wọ bátìrì lithium-ion, tó ní: (a) gbígba ìwọ̀n kọ́rẹ́ǹtì I láti ara sẹ́ńsọ̀ kọ́rẹ́ǹtì, àti ìwọ̀n ooru ojú bátìrì láti ara sẹ́ńsọ̀ ooru, lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo àkókò Δt, (b) pípín bátìrì sí ìpele N tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó Δx láti ojú dé àárín, àti fífi ìdọ́gba ìrìn ooru ṣe ìṣirò ooru ìpele kọ̀ọ̀kan, níbi tí ooru tí bátìrì ń mú jáde ti jẹ́ I²R, tí a sì ń mú R láti inú tábìlì tó so ó pọ̀ mọ́ ìwọ̀n ooru, (d) dídín I kù nígbà tí ooru ìpele àárín bá kọjá ìwọ̀n tí a ti yàn ṣáájú."

Ẹ wo bí (a) ṣe mú ayé gidi wọlé, tí (d) sì rán nọ́ḿbà náà padà lọ ṣiṣẹ́. Ìṣirò inú (b) wá wà láàárín méjèèjì, kò sí olùyẹ̀wò tó lè yọ ọ́ kúrò lórí òṣùwọ̀n mọ́. Bí ẹ bá yọ (d) kúrò, ẹ ṣì ní ìwọ̀n àìfojúrí lọ́wọ́, èyí tó lè dúró. Bí ẹ bá tún yọ (a) kúrò, tí ẹ wá ní símúléṣọ̀n bátìrì kan tí wọn kò tíì ṣe jáde ní ilé-iṣẹ́, ẹ ti wọ abẹ́ ìdáhùn kẹta G 1/19 nìyẹn, ewu rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ kọ irú kléèmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sínú ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ sì fi èyí tí ẹ ti ń fi símúléṣọ̀n yan ìnípọn kí wọ́n tó ṣe bátìrì náà ní ilé-iṣẹ́ kún un. Bí ọ̀kan bá ṣubú, èkejì wà níbẹ̀ láti sá sí.

Ohun kan tún wà nínú (b) tí ó yẹ ká tú. Bí ẹ bá ń yanjú ìdọ́gba ooru lọ́nà tí ooru àkókò tuntun fi ń jáde tààrà láti ara ti àkókò tó ṣáájú, ìṣirò náà máa ń ya wèrè bí αΔt/Δx² bá ju ìdajì lọ, níbi tí α jẹ́ agbára bí ooru ṣe ń tàn nínú ohun náà. Nọ́ḿbà á máa fò sókè sódò, á sì di ohun tí kò nítumọ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ooru ló mọ èyí. Ṣùgbọ́n bí àpèjúwe yín bá sọ pé ààlà yìí ló jẹ́ kí àbájáde ṣeé gbára lé, tí kléèmù kò sì dárúkọ rẹ̀, olùyẹ̀wò á kọ̀wé pé ohun kòṣeémánìí kò sí nínú kléèmù. Àtakò abala 84 ni, ó sì tọ́. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ yàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹ fi ààlà náà sínú kléèmù, tàbí kí ẹ ṣàpèjúwe ọ̀nà ìyanjú mìíràn tí kò nílò ààlà náà, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ló wà.

Ibi tí kléèmù ti ń ṣú lójú

Lójú tiwa, apá tí EPO ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ nìyí, tí àwọn olùbéèrè kò sì fi ọkàn sí. Ẹni tó kọ̀wé náà máa ń ronú pé bí ìṣirò òun bá ti tọ̀nà, ó ti yé gbogbo èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ìdọ́gba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ nínú kléèmù: bí ẹ bá kọ λ, ẹ sọ pé agbára ìgbé-ooru ni àbí nọ́ḿbà tí ìṣirò fi ń fìyà jẹ àbájáde tí a kò fẹ́, nítorí iṣẹ́ méjèèjì ni àwọn èèyàn ń fi lẹ́tà yẹn ṣe. Ìwọ̀n tí ẹ bá dárúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí oníṣẹ́ mọ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́. Bí ọ̀nà ìwọ̀n bá ju ọ̀kan lọ, tí wọ́n sì ń fúnni ní nọ́ḿbà tó yàtọ̀, ẹ dárúkọ èyí tí ẹ lò. "Ní àkókò gidi" kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ sọ pé àbájáde ń jáde kí sẹ́ńsọ̀ tó tún mú ìwọ̀n tuntun wá, ìyẹn já gaara. Ẹ má fi orúkọ ọjà bíi MATLAB sínú kléèmù, nítorí ẹni tó ni ọjà náà lè yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà lọ́la.

Ẹ tún wo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. "A yan ìwọ̀n àpapọ̀ tó yẹ": ta ni a? Bí kò bá hàn pé kọ̀ǹpútà ló yàn án, olùyẹ̀wò lè kà á sí èrò inú èèyàn, ẹ ti sọ apá kan kléèmù yín nù nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàtọ̀ láàárín bátìrì àti dátà tó dúró fún bátìrì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ya àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ohun gidi, èkejì jẹ́ àkọsílẹ̀.

Àìjágaara lè ba nǹkan jẹ́ kí olùyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí kléèmù bá ṣú débi pé wọn kò lè fi wá ohun tó ti wà nílẹ̀, wọ́n á fi Ìlànà 63 kọ̀wé sí yín pé kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n wá, láàárín oṣù méjì. Bí ẹ kò bá fèsì dáadáa, ẹ lè gba ìwádìí àbọ̀, tàbí kí ẹ má rí ìwádìí kankan gbà, ohun tí wọn kò bá sì wá, kì í sábà ṣeé ṣe láti gbé e wọ kléèmù lẹ́yìn náà. Ìlànà 43(2) náà ń mú oníṣẹ́ símúléṣọ̀n tó ń kọ kléèmù ọ̀nà mẹ́ta tó dá dúró sínú ìwé kan. Ọ̀kan fún ọ̀nà, ọ̀kan fún ẹ̀rọ, ọ̀kan fún ètò kọ̀ǹpútà: ìyẹn ni wọ́n ń fẹ́.

Iṣẹ́ náà kò parí síbẹ̀, torí pé ilẹ̀kùn ìjágaara máa ń tì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí pátẹ́ǹtì. Ìdájọ́ G 3/14 ti ọdún 2015 sọ pé alátakò kò lè tìtorí àìjágaara nìkan kọlu kléèmù tí wọ́n ti gbà, àfi bó bá jẹ́ pé àtúnṣe ìgbà àtakò ló bí i. Èyí ló jẹ́ kí olùyẹ̀wò le koko ṣáájú. G 1/24, tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wá pàṣẹ pé kí wọ́n máa wo àpèjúwe àti àwòrán nígbà gbogbo tí wọ́n bá ń túmọ̀ kléèmù. Bí àpèjúwe yín bá wá sọ níbì kan pé "bátìrì" nínú ìwé yìí lè túmọ̀ sí ohunkóhun tó ń tọ́jú agbára, ẹ ti fọwọ́ ara yín fa pèrègún yín tu.

Fún àwọn tó ń fi ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ (machine learning, kí kọ̀ǹpútà fi dátà kọ́ṣẹ́) rọ́pò ìdọ́gba, ẹ ka T 161/18 ti ọdún 2020. Kléèmù náà fi ìsokọ́ra iṣan àtọwọ́dá (neural network) yí ìlà ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí a wọ̀n lápá padà sí ti òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó jáde láti ọkàn. Ìwé náà kò sọ irú dátà tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, kò fi àkójọ kan ṣoṣo hàn, ó sì ṣubú. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ irú dátà tó wọlé, ibi tí ẹ ti gbà á, bí ẹ ṣe tò ó, iye ìpele àti ohun tí ẹ fi ń mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ti tó.

Irinṣẹ́, owó àti àkókò

Irinṣẹ́ wọn ló mú inú wa dùn jù. Espacenet, ibi tí a ti ń wá ìwé pátẹ́ǹtì lórí ayélujára, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé tó ju mílíọ̀nù 150 lọ ló wà níbẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ nìkan wá nǹkan. Ẹ fi kóòdù ìsọ̀rí pátẹ́ǹtì wá a. G06F30/20 ni ti símúléṣọ̀n àti yíyàwòrán lápapọ̀, G06F30/23 ni ti ọ̀nà ẹ̀yà kéékèèké (finite element), G06F30/27 ni èyí tó lo ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, ti kẹ́mísírì orí kọ̀ǹpútà sì wà ní G16C. Ẹ kọ́kọ́ wá èyí tó súnmọ́ iṣẹ́ yín, kí ẹ wá ṣí fáìlì rẹ̀ nínú Register, àkọsílẹ̀ EPO lórí ayélujára, kí ẹ ka lẹ́tà olùyẹ̀wò àti èsì agbẹjọ́rò. Kò sí ẹ̀kọ́ kíláàsì tó lè rọ́pò fáìlì mẹ́wàá tí ẹ bá kà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ ó rí irú gbólóhùn tó ń kọjá àti irú èyí tó ń kú.

Owó ni ibi tí iṣẹ́ náà ti wúwo. Owó ìfìwésílẹ̀, ti ìwádìí, ti ìyẹ̀wò, ti orílẹ̀-èdè àti ti ìfọwọ́sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró. Láti ọdún kẹta ni owó ìtọ́jú ọdọọdún sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kléèmù 15 ni ẹ ó kọ láìsan àfikún. Láti ìkẹrìndínlógún ni wọ́n ti ń gbowó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tún ga sí i láti ìkọkànléláàádọ́ta. Ojú ìwé tó bá ju 35 lọ ní owó tirẹ̀. Ẹnìkan, ilé-iṣẹ́ kékeré gan-an, yunifásítì tàbí ilé ìwádìí ìjọba ń rí ẹ̀dínwó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kẹrin ọdún 2024 lórí àwọn owó pàtàkì, bí wọn kò bá tíì fi tó ìwé ìbéèrè márùn-ún sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún tó ṣáájú. Ibi yòówù kí olùbéèrè ti wá, ẹ̀dínwó yìí kàn án.

Ẹni tí kò gbé inú orílẹ̀-èdè 39 náà lè fi ìwé sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ ìgbésẹ̀ tó kù gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ aṣojú tí EPO mọ̀ kọjá. Ìyẹn ni owó tó ń ga jù fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Cotonou, ẹ fi í sínú ìṣirò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun rere kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: abala 14(2) gba pé kéèyàn fi ìwé sílẹ̀ ní èdè èyíkéyìí, Yorùbá pẹ̀lú, bó bá mú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé tàbí Jámánì wá láàárín oṣù méjì. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìtumọ̀, ìwé ti èdè àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Àkókò náà kò ṣe é ṣeré pẹ̀lú. Oṣù 12 ni wọ́n yọ̀ǹda fún yín láti ìwé àkọ́kọ́ kí ẹ tó fi ti òkèèrè sílẹ̀. Oṣù 31 ni ìwé tó gba ọ̀nà PCT (àdéhùn àgbáyé lórí fífi ìwé pátẹ́ǹtì sílẹ̀) wọlé ní kí ó tó wọ EPO. Ìwé á di mímọ̀ fún gbogbo ayé ní oṣù 18. Lẹ́tà olùyẹ̀wò sábà máa ń fúnni ní oṣù mẹ́rin; bí ọjọ́ bá kọjá, ẹ lè sanwó láàárín oṣù méjì láti ọjọ́ tí wọ́n bá kọ̀wé pé ẹ ti pàdánù ẹ̀tọ́ náà, kí ẹ sì fi èsì tí ẹ jẹ gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ pọ̀. Ohun tí kò sí owó tó lè tún un ṣe ni gbígbé iṣẹ́ síta ṣáájú. Yúróòpù kò ní oṣù oore-ọ̀fẹ́ fún ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣírí. Ìwé àpérò, ìdáàbòbò iṣẹ́ oyè tí ẹnikẹ́ni lè wọlé sí, kóòdù tí a gbé sórí GitHub ní ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ ìfìwésílẹ̀: èyíkéyìí nínú wọn ti tó láti pa ìwé náà.

Bó ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mìíràn

Amẹ́ríkà ní ọdún kan oore-ọ̀fẹ́, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún olùkọ́ yunifásítì. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn gbé kalẹ̀ nínú ẹjọ́ Alice ní ọdún 2014 kò ṣe é sọ tẹ́lẹ̀ bíi ti EPO. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, nínú ẹjọ́ Simio àti FlexSim, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Federal Circuit sọ pé pátẹ́ǹtì lórí sọ́fítíwíà símúléṣọ̀n tó ń lo àwòrán dípò kóòdù jẹ́ èrò lásán, nítorí iṣẹ́ olùlò ló rọrùn sí i, kọ̀ǹpútà kò sunwọ̀n sí i. Lórí ìjágaara, Amẹ́ríkà ń béèrè ìdánilójú tó mọ́gbọ́n dání. Bí ẹ bá sì kọ "módù (ẹ̀yà ètò kọ̀ǹpútà) tí a ṣètò láti ṣe" nǹkan kan, láti ẹjọ́ Williamson ti ọdún 2015, ilé ẹjọ́ lè wá ìgbésẹ̀ ìṣirò rẹ̀ nínú àpèjúwe, bí kò bá sì rí i, kléèmù ti ṣófo. Nítorí náà, àwòrán ìgbésẹ̀ kan tó pé, láti ìwọlé dé ìjáde, á wúlò fún ẹ níbi méjèèjì.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin Pátẹ́ǹtì àti Àwòrán ọjà sọ pé ìlànà sáyẹ́ǹsì àti ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ tí sáyẹ́ǹsì kàn ṣí payá kì í ṣe ohun tí a ń gba pátẹ́ǹtì lé, síbẹ̀ ọ́fíìsì tó wà ní Abuja ń wo bí ìwé ṣe pé tó ni, kì í wọ inú ọgbọ́n àwárí lọ. Ẹni tó gbà á ló ru ewu rẹ̀. Ìjọba kò ṣe onígbọ̀wọ́ pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìwé pátẹ́ǹtì símúléṣọ̀n tí ẹ bá gbà níbẹ̀ lè rọrùn láti gbà, kó sì ṣòro láti fi jà. Nàìjíríà ti wà nínú PCT láti ọdún 2005, ìwé tí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀ ní Abuja sì lè jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní Benin àti Togo, OAPI, àjọ tó ń bójú tó pátẹ́ǹtì fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan, tó wà ní Yaoundé ni a ń kọ̀wé sí.

Ta ni ká sọ fún pé kó lọ sí EPO? Ẹni tí símúléṣọ̀n rẹ̀ ń bá sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ, oògùn tàbí ilé-iṣẹ́ ṣiṣẹ́, tó sì lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i nínú kléèmù. Ẹni tí ohun tó ní jẹ́ ọ̀nà ìyanjú ìdọ́gba tó yára, tó wúlò fún gbogbo nǹkan láti ọrọ̀ ajé dé ojú ọjọ́, kó má náwó rẹ̀ síbẹ̀ títí tí yóò fi yan iṣẹ́ kan, tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìwọ̀n tó wọlé dé ohun tí nọ́ḿbà náà yí padà, pẹ̀lú ìwọ̀n tó dán wò àti iye àṣìṣe tó rí, kí ọjọ́ ìfìwésílẹ̀ tó pé.